Owó Àìsàn Tí Kò Tíì Ṣe Wá

Ní ilé wa ní Ṣakí, ẹni tó bá ń rìnrìn àjò kì í dá ẹrù ìrìn àjò rẹ̀ gbé. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bá a, bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣì ń ṣe é. Bí ẹnì kan bá ń lọ sí Mẹ́kà, tàbí ó wọ yunifásítì, tàbí ó ń lọ wáṣẹ́ ní Èkó, ilé á pé sí iyàrá ìyá wa, wọ́n á tẹ́ ẹní, oníkálukú á sì mú ohun tó bá ní wá. Ẹni tí kò lówó á gbé èlùbọ́ wá. Ẹni tí kò ní èlùbọ́ á ṣe àdúà tó gùn ju ti àwọn tó mówó wá lọ, a ó sì máa ṣe àmín títí itọ́ á fi gbẹ lẹ́nu wa.

Ìdí nìyẹn tí àyà ẹnikẹ́ni kò fi já nígbà tí àbúrò mi obìnrin wá sọ fún wa pé yunifásítì kan lókè òkun ti gba òun láti wá fi ọdún mẹ́rin ṣe ìwádìí. Wọ́n á máa san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀, wọ́n á sì máa fún un ní owó tí yóò fi jẹun. Òun ni àbíkẹ́yìn ìyá wa. Olùkọ́ ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìsẹ́yìn, iṣẹ́ àgbẹ̀ ló ń kọ́ àwọn ọmọ, kòkòrò tó ń jẹ èlùbọ́ ló sì fẹ́ lọ wádìí. Èmi tí mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àgbàdo àti èlùbọ́ ni mò ń rà ní Àgọ́-Amódù àti Àgọ́-Àrẹ tí mò ń kó lọ tà ní Ìbàdàn. Mo sọ fún un pé bó bá jẹ́ kòkòrò inú èlùbọ́ ló ń wá, kó wá tú àpò mi wò, á bá bàbá wọn, á bá ìyá wọn, kò sì ní wọ bàálù. Ó ní òyìnbó kò ní san owó fún òun láti wá wo àpò mi. A jọ rẹ́rìn-ín.

Ọkọ rẹ̀ máa ń tún ẹ̀rọ ìlọta ṣe. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, tó jẹ́ pé bó bá kí ọ láàárọ̀, ó lè di ìrọ̀lẹ́ kó tó tún lanu. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, ọkùnrin, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n ti ń wá a. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ọwọ́ mú ògiri rìn ni, ó sì ń mu ọmú bí ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ nítorí rẹ̀. Ìwé tí yunifásítì kọ sọ pé àbúrò mi lè mú ọkọ àti ọmọ dání. Ìyẹn gan-an ló dùn mọ́ ìyá wa jù. Ó ní òun kò fẹ́ ìrìn àjò tó ń pín ìkòkò ọbẹ̀ sí méjì.

Ilé pé. Àbúrò mi ka ohun tí a máa náwó lé fún wa: owó físà, owó bàálù, owó àyẹ̀wò ikọ́ ife, àti ohun kan tó pè ní owó ìlera. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ wọ ìlú náà gbọ́dọ̀ san owó ìlera kí wọ́n tó fún un ní físà, kó lè rí ìtọ́jú gbà ní ilé ìwòsàn wọn tó bá débẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n rọra ṣàlàyé bí a ṣe gbọ́ ọ, nítorí ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ wa ti yẹ̀. Ní ọsibítù tiwa níbí, bí o bá débẹ̀, káàdì lo máa kọ́kọ́ rà. Bó bá jẹ́ pé o ní aya àti ọmọ, wàá ra káàdì ìdílé. Ọ̀kan ṣoṣo ni. Orúkọ bàbá á wà lókè, ti ìyá á tẹ̀lé e, wọ́n á sì máa kọ ọmọ kún un bí ìyá bá ṣe ń bí wọn. Tèmi ṣì wà nínú àpótí mi títí di òní. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, mo fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́, àwọn ọmọ tí orúkọ wọn wà nínú rẹ̀ sì ti ń bímọ. Èèyàn kì í ra káàdì ní ẹ̀ẹ̀mejì àyàfi tó bá sọ ọ́ nù. Nígbà tí àbúrò mi sọ pé owó ìlera, káàdì ìdílé ni gbogbo wa rí. A gbà pé ti òyìnbó á wọ́n. A kò rò pé kì í ṣe káàdì.

Òun fúnra rẹ̀ ti rí iye owó náà lórí fóònù. Ó rí iye kan, ó sì gbà pé gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Ẹ má ṣe sọ pé kò mọ̀wé. Ohun tí ojú wa ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ojú wa máa ń kà.

Ìyá wa ní màlúù tí Fúlàní kan ń bá a sìn ní gáà kan lọ́nà Kisí. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti jọ wà, ọkùnrin náà a máa kó wàrà wá fún un. Ìyá ní kí a ta abo màlúù náà, kí a fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Àbúrò bàbá wa tó kù láyé, tí ẹnu rẹ̀ kì í gbófo, yí sí àbúrò mi, ó ní, “Bó o bá dé ọ̀hún, tí wọ́n bi ọ́ pé kí lo gùn wá, má sọ pé bàálù. Màlúù lo gùn.” Ìyẹn ló tú wa ká lọ́jọ́ náà, ẹ̀rín la bá lọ sílé.

Nígbà tó yá, owó pé, ó wọ inú báǹkì àbúrò mi. Ìyá wa ní kò yẹ kí ọmọdé dá nìkan jókòó sídìí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kí n lọ bá wọn ní Ìsẹ́yìn kí n wà níbẹ̀. Mo lọ. Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tí a lọ kò jìnnà sí ibi tí àwọn ahunṣọ wà, gbogbo ohun tí a ń sọ ni ìró òfì ń dá sí. Ọmọbìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà ló máa ń bá àwọn ọmọ iléèwé forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò. Ọ̀dọ́ ni, ó mọṣẹ́, ó sì ní sùúrù. Ọkọ àbúrò mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, èmi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, àbúrò mi jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ọmọ wà lórí itan rẹ̀, ó ń fa wáyà.

Ọmọbìnrin náà tẹ ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ máa bẹ̀rẹ̀ sí i. Ó tẹ ọjọ́ tó máa parí. Ó bèèrè pé èèyàn mélòó ló ń lọ, àbúrò mi ní mẹ́ta. Ó tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ó wo kọ̀ǹpútà, ó tún wo àbúrò mi.

Ó ní, “Àǹtí, ṣé ẹ ti rí iye yìí tẹ́lẹ̀?”

Mo rí ẹ̀yìn ọrùn àbúrò mi tó le gbagidi. Mo dìde, mo lọ dúró lẹ́yìn wọn, mo wo ibi tí wọ́n ń wò. Ohun tí mo rí kò jọ owó lójú mi. Ó jọ nọ́ńbà fóònù. Mo rọra sọ fún ọmọbìnrin náà pé ó jọ pé ọwọ́ rẹ̀ ti tẹ òdo kún un, kó pa á rẹ́, kó tún un tẹ̀. Kò bínú sí mi. Ó pa á rẹ́ lóòótọ́, ó tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀ níṣojú mi, ohun kan náà ló tún jáde.

Ó wá ṣàlàyé. Ó ní iye tí àbúrò mi rí lórí fóònù, ti ẹnì kan ni, ti ọdún kan sì ni. Orí kọ̀ọ̀kan ló ń san tirẹ̀, ó sì ń san án fún gbogbo ọdún tó máa lò. Mo bi í pé ṣé ọdọọdún la máa máa san án. Ó ní rárá, ìsinsìnyí ni, lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n tó ṣí ìwé wa wò rárá.

Mo nawọ́ sí ọmọ. Mo ní, “Èyí ńkọ́?”

Ó ní, “Òun náà, Bàbá. Iye tí ìyá rẹ̀ ń san lòun náà ń san.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti rí nǹkan láyé. Mo ti rí ìgbà tí ọkọ̀ tó kó ẹrù mi dànù sódò, tí àgbàdo mi ń léfòó lọ lójú mi. Àyà mi kò já tó báyìí lọ́jọ́ náà. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọmọ ọlọ́mọ jà. Mo ní ní gáréèjì Ṣakí, ní ti Ìsẹ́yìn, ní ibikíbi tí mo bá ti wọkọ̀ rí, ọmọ tó bá wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ kì í san owó. Bó bá jókòó sórí àga, á san ààbọ̀. Bó bá wà lórí itan, dírẹ́bà á wojú ìyá rẹ̀, á sì fojú fò ó. Ọmọ yìí kò ní jókòó sórí àga ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló máa wà.

Ọmọbìnrin náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó kó ara rẹ̀ níjàánu. Ó ní, “Bàbá, wọn ò mọ ẹ̀yìn. Orí ni wọ́n ń kà.”

Ó ṣẹ́ owó náà sí náírà fún mi, kí n lè mọ bó ṣe tó. Owó ọdún kan ṣoṣo ti ọmọ yẹn tó ra ọ̀kadà tuntun. N kò mọ ohun tó dé bá ojú mi, ṣùgbọ́n mo rí ọ̀kadà mẹ́rin tí wọn kò tíì bọ́ ọ̀rá lára wọn, wọ́n tò síwájú ọmọ tí kò tíì lè dá bọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Mẹ́rin fún ìyá rẹ̀. Mẹ́rin fún bàbá rẹ̀. Owó màlúù, owó èlùbọ́, owó tí ilé dá jọ, gbogbo rẹ̀ kò tó ohun tí a máa fi san ti èèyàn méjì tán.

Mo bi í pé bí wọ́n bá lo ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí orí kankan kò fọ́ wọn, ṣé wọ́n á dá owó náà padà. Ó ní rárá. Ṣùgbọ́n bí wọn kò bá fún wọn ní físà, wọ́n á dá a padà. Mo ro ìyẹn lọ, mo rò ó bọ̀. Ó já sí pé bí ibi bá bá wa, a gba owó wa. Bí ire bá bá wa, owó lọ.

Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó wá tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ó ti ń gbọ́ gbogbo ohun tí a ń sọ. Ó fi ṣe àwàdà, ó ní, “Bàbá, tí ọmọ yẹn bá débẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa ṣàìsàn dáadáa o, kí owó má baà ṣòfò.” Àwọn tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Àbúrò mi kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó gbé ọmọ pọ̀n, ó fa ọ̀já le, ó sì jáde láìwo ẹ̀yìn. Ọkùnrin náà rí i pé ọ̀rọ̀ òun ti kọjá àwàdà, ó dọ̀bálẹ̀ síwájú mi nínú ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀, ó ní kí ẹ̀ṣẹ̀ ẹnu òun má ṣe ran ọmọ. Mo ní kó dìde, Ọlọ́run kò ní gbọ́ ọ.

Èmi ni mo gbé ọ̀rọ̀ náà padà sí Ṣakí. Nínú ọkọ̀, mo ń ronú bí mo ṣe máa sọ ọ́. Nígbà tí a fi máa kọjá Àgọ́-Àrẹ, mo ti rí ọ̀nà mẹ́ta tí mo lè gbà sọ ọ́. Nígbà tí mo dé iwájú ìyá wa, n kò rí ọ̀kankan nínú wọn lò.

Mo kọ́kọ́ sọ iye rẹ̀. Ó mi orí, ó ní owó ni ìyẹn, owó a máa pọ̀. Ó wá bi mí pé kí ni wọ́n ń pe owó náà. Mo ní owó ìtọ́jú ni, fún ìgbà tí àìsàn bá ṣe wọ́n.

Ó ní, “Ta ló ń ṣàìsàn nínú wọn?”

Mo ní kò sí.

Tẹsùbáà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dúró. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ ìyá wa, ẹ á mọ̀ pé kì í sábà dúró. Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni mo dá òfin náà. Ó ní, “Ẹ wá jẹ́ kí n ta màlúù mi, kí n fi ra àìsàn dè wọ́n lọ́nà.”

Nínú ilé wa, a kì í dá owó àìsàn sílẹ̀. A máa ń dá owó ìsọmọlórúkọ sílẹ̀. A máa ń dá owó àgbò Iléyá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òun ń tọ́jú owó tí òun máa fi ṣàìsàn, wọ́n á ní kó lọ fi iyọ̀ sẹ́nu. Bí àìsàn bá dé, a dìde sí i. Ní alẹ́ tí wọ́n gbé èmi náà lọ sí ọsibítù nítorí ìfun, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ilé ti pé, tí ẹni tí n kò bá ṣọ̀rẹ́ ti mú owó wá. Bí a ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Mo gbìyànjú. Mo ní ìlú àwọn òyìnbó yẹn, bí ilé kan ni wọ́n ṣe mú un. Wọ́n ti jọ dáwó jọ sílẹ̀, ẹni tí ara rẹ̀ le ń dá fún ẹni tí ara rẹ̀ kò le, nígbà tí àlejò bá sì ń bọ̀, wọ́n ní kí ó wá dá tirẹ̀ kó tó wọlé. Mo ní kì í ṣe èpè. Mo rò pé mo ti rí i sọ.

Ìyá wa gbọ́ mi títí. Ó ní ohun tí mo sọ yé òun, ó sì dára kí ilé dáwó. Ó wá ní, “Ṣùgbọ́n ilé wo ló ń bu owó lé ọmọ ọmú?”

Títí di ìgbà tí mò ń kọ ìwé yìí, n kò tíì rí ẹni tó lè bá mi dáhùn ìbéèrè náà.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, àbúrò mi àti ọkọ rẹ̀ wá sílé. A jókòó, a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò rẹ̀. Ọkọ rẹ̀, tí kì í sọ̀rọ̀, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní òun lè dúró, kí ìyá àti ọmọ máa lọ; òun á ta irinṣẹ́ òun, owó á sì tó ti àwọn méjèèjì. Àbúrò mi bi í pé tó bá ta irinṣẹ́, kí ló máa jẹ. Ó tún ní òun ti bèèrè lọ́wọ́ ẹni kan tó wà níbẹ̀: owó tí wọ́n ń gbà láti bá èèyàn tọ́jú ọmọ nígbà tó bá wà níléèwé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo owó oúnjẹ tí wọ́n máa fún òun. Tí ọkọ bá sì tẹ̀ lé e láti máa bá a tọ́jú ọmọ, a jẹ́ pé orí mẹ́ta nìyẹn, a tún ti padà síbi tí a ti ń bọ̀. Àbúrò bàbá wa ní kí ó sọ fún yunifásítì náà pé kí wọ́n ní sùúrù di ọdún tó ń bọ̀. Ó ti bi wọ́n. Wọ́n ní ẹlòmíràn ń dúró de àyè náà.

Ọ̀nà yòówù tí a bá gbà ṣírò rẹ̀, ọmọ ló ń ṣẹ́kù. Gbogbo wa rí i. Kò sí ẹni tó fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ọmọ náà wà láàárín wa lórí ẹní, ó ń fa fìlà mi ya.

Àbúrò mi gbé e, ó gbé e kalẹ̀ síwájú ìyá wa. Ó ní, “Ìyá, ẹ bá mi já a lẹ́nu ọmú.”

Iṣẹ́ ìyá àgbà ni iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ wa, kò sí ohun ìtìjú nínú rẹ̀. Bí àkókò bá tó, ìyá ọmọ á gbé ọmọ lọ fún ìyá tirẹ̀, á sì yẹra. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọmọ rí òun. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó gbọ́ ohùn òun. Bó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn, èkejì á sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ìyá bá fẹ́ padà wá gbé ọmọ rẹ̀ ni à ń ṣe é. N kò rí i rí kí wọ́n ṣe é nítorí owó àìsàn tí kò ṣe ẹnikẹ́ni.

Ìyá wa ní ọdún méjì tí Ọlọ́run sọ pé kí ọmọ fi mu ọmú kò tíì pé. Àbúrò mi ní òun mọ̀. A ránṣẹ́ pe àáfà. Ó ní bí bàbá àti ìyá bá ti fi ohùn ṣọ̀kan, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo wa yí sí ọkọ àbúrò mi. Ó wo ọmọ, ó sì mi orí pé òun gbà. Ìyá wa fa ọmọ mọ́ra, ó ní, “Ọkọ mi, ó ku èmi pẹ̀lú rẹ.” Ó yí sí àbúrò mi, ó ní kó máa lọ kí ọmọ tó wo ibi tó gbà.

Àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ le. Ọmọ náà tú aṣọ gbogbo obìnrin ilé wò. Ó tú ti ìyàwó mi, ó tú ti ìyàwó ọmọ mi, ó wo inú wọn bí alápatà tó ń wo ẹran, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú ìbínú. Ìyá wa ń fún un ní ògì, ó ń fún un ní wàrà tí Fúlàní rẹ̀ ń gbé wá, ó ń pọ̀n ọ́n lọ pọ̀n ọ́n bọ̀ ní ọjọ́ orí rẹ̀ yẹn, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀. Bí àbúrò mi bá pè mí lórí fóònù, mo ní láti jáde lọ sẹ́yìn mọ́ṣáláṣí kí n tó gbé e, nítorí ọmọ náà mọ ohùn rẹ̀ jáde láti inú fóònù. Kì í bèèrè nǹkan púpọ̀. Á bèèrè bóyá ó jẹun. Á wá sọ fún mi pé ọmú ń ro òun, pé ó ti le bí òkúta, pé àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ òun ní kí òun máa fi aṣọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Kí ni ọkùnrin fẹ́ sọ sí ìyẹn? Mo máa ń ní kó ṣe sùúrù.

Ó san tirẹ̀. Owó ọdún mẹ́rin, fún orí kan. Ó ní nígbà tí òun tẹ̀ ẹ́, ó lọ wẹ́rẹ́, kò ju ìgbà tí èèyàn fi ń ra káàdì fóònù lọ. Físà jáde.

Ó wá ku àdúà. Ẹni tó ń lọ sí irú ibẹ̀ kò lè kúrò láìjẹ́ pé ilé pé lé e lórí. Ṣùgbọ́n iyàrá ìyá wa ni ọmọ wà. Ìyá ní àbúrò mi kò gbọ́dọ̀ wọ ilé. Ilé àbúrò bàbá wa tó wà lẹ́yìn tiwa ni a pé sí. Àbúrò mi kúnlẹ̀, ọkọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àáfà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúà ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, àwa náà ń ṣe àmín ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Gbogbo ọjọ́ ayé mi, ariwo ni mo mọ àmín ilé wa sí. Lọ́jọ́ náà, bí ẹni tó jalè la ṣe ń ṣe é, kí ọmọ má baà gbọ́ pé ìyá rẹ̀ wà nítòsí. Àbúrò bàbá wa, tí ẹnu rẹ̀ kì í gbófo, kò rí àwàdà kankan ṣe.

Nígbà tí a parí, àbúrò mi ní òun fẹ́ rí i. Kì í ṣe pé òun fẹ́ gbé e. Kí òun kàn rí i. Mo lọ bèèrè lọ́wọ́ ìyá wa. Ó ní kí n mú un gba ẹ̀yìn ilé ìdáná, níbi tí a fi búlọ́ọ̀kù oníhò mọ, kó wò ó láti ibẹ̀, kó má sọ̀rọ̀.

A dúró síbẹ̀, èmi àti òun. Ọmọ náà wà ní àgbàlá. Ó ń rìn, kò mú ògiri mọ́. Ó ti gbé bútà tí ìyá wa fi ń ṣe àlùwàlá, ó ń da omi rẹ̀ sí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó ń wò ó bó ṣe ń ṣàn lọ. Ìyá wa jókòó sórí àpótí, ó ń bá a wí pé, “Ọkọ mi, o fẹ́ kí n fi iyanrìn kírun ni?” Ọmọ náà tún da omi, ó wojú rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín kèékèé. Kò sunkún. Kò wá ẹnikẹ́ni.

Mo rò pé ìyẹn á tu àbúrò mi nínú. Mo yíjú sí i kí n fi ojú sọ fún un pé ara ọmọ le. Ó ti fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo wá rí iwájú bùbá rẹ̀. Ó ti tutù, ibi méjì, ó sì ń gbòòrò sí i bí mo ṣe ń wò ó. Ó ti pẹ́ tí ọmọ ti kúrò lẹ́nu ọmú, mo ti rò pé omi ọmú rẹ̀ ti gbẹ. Ohùn ẹ̀rín yẹn ló gbọ́.

Òun náà wo ara rẹ̀. Ojú rẹ̀ là bí ẹni tí kò mọ ibi tí omi náà ti wá. Lẹ́yìn ògiri, ọmọ náà tún rẹ́rìn-ín, aṣọ náà tún tutù sí i.

Ó rọra sọ létí mi pé, “Bùọ̀dá, ẹ bá mi wá nǹkan dà bò ó. Ọkọ̀ ń dúró.”

N kò lè wọlé lọ mú ìborùn, ọmọ á tẹ̀lé mi jáde. Mo bọ́ agbádá mi, mo fi lé e léjìká. Ó fi wé àyà, ó pa á pọ̀ mọ́ra, ó sì gba ẹ̀yìn ilé jáde sí títì, níbi tí ọkọ rẹ̀ ti gbé àpótí rẹ̀ sínú ọkọ̀.